Wáyà Tó Gbóná Níwọ̀n: Ìgbé Ayé Olóògbé Ambrose Olúsọjí Adéjọbí (1921–1973)

Ẹ̀yin ará Òkìtìpupa, ẹ̀yin ará Òde-Ìrèlè, ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ fi oko àti ọjà sílẹ̀ wá sí Àjàgbà lónìí, ẹbí Adéjọbí kí yín. Ẹ kú ẹsẹ̀, ẹ kú ìbánikẹ́dùn. Àwa ẹ̀gbọ́n olóògbé nínú ẹbí ni a kọ ìtàn yìí, a sì kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí pé Ambrose kò fẹ́ràn ìyìn àsọdùn. Bí a bá yìn ín kọjá bó ṣe yẹ, ìjà ni yóò kọ́kọ́ bá wa jà lọ́jọ́ tí a bá tún fojú kan ara wa.

Oṣù kẹta ọdún 1921 ni a bí Ambrose Olúsọjí ní Àjàgbà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Lucas Adéjọbí tó ń ṣe epo pupa ni bàbá rẹ̀. Ìye Aníwúrà tí wọ́n ń ṣe púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń fi iná yan, tí Olúwa ṣì dá sí fún wa dòní, ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ilé ni bàbá ti ń se epo, ẹ̀gbẹ́ kejì ni pẹpẹ púpurú wà lórí iná tí kì í kú. Ẹni tó bá mọ púpurú mọ̀ pé bí iná bá kéré, yóò bàjẹ́ lórí pẹpẹ. Bí iná bá sì pọ̀ jù, ẹ̀yìn rẹ̀ á jóná nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ìye a máa na ẹ̀yìn ọwọ́ wọn sókè pẹpẹ, wọ́n á ní kí a yọ igi kan tàbí kí a fi ọ̀kan kún un. Ambrose kékeré a máa bi wọ́n léèrè bí ọwọ́ ṣe mọ̀. Wọ́n á ní ọwọ́ ti pẹ́ níbẹ̀ ni. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn títí ó fi kú. Ohun tó ń fẹ́ ni kí èèyàn mọ bí nǹkan yóò ṣe gbóná tó kí ọwọ́ tó débẹ̀.

Ní ọdún 1929 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Àjàgbà, ó sì parí ìwé mẹ́fà ní Òkìtìpupa ní 1937. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ọ̀pọ̀ ẹgba tó jẹ níbẹ̀, ìbéèrè ló fà á. Ọdún tó tẹ̀lé e ló gba Sápẹ́lẹ̀ lọ, tó wọ ilé iṣẹ́ pákó kan tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ oníná, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Nígbà tó padà wálé ní 1952, lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá gáréèjì ní Òkìtìpupa. Ó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì bátìrì ọkọ̀, ó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń tún áyọ́ọ̀nù oníná ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí oníbàárà bá fẹ́ mọ ìgbà tí iṣẹ́ òun yóò parí, Ambrose á ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀." Àwọn awakọ̀ gáréèjì bá fi í ṣe orúkọ fún un. Títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ẹlòmíì wà ní Òkìtìpupa tí kò mọ Adéjọbí, tó jẹ́ Ẹ-jẹ́-kí-n-ṣírò nìkan ló mọ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1957 ló gbé Mildred Àrìnkẹ́ níyàwó nínú ìjọ. Télọ̀ ni Mildred, ọmọ Òde-Ìrèlè, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbéyàwó náà dùn. Ohun tó tẹ̀lé e kò dùn, a kò sì lè fò ó, nítorí òun ni gbogbo ayé àbúrò wa yìí rọ̀ mọ́.

Ní ìparí ọdún 1959, Mildred bí ọkùnrin kan tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sún mọ́ ààrò, síbẹ̀ ara ọmọ náà ń tutù láti ẹsẹ̀ wá, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a. Ní oṣù kìíní ọdún 1963, ó tún bí obìnrin kan nínú ọyẹ́ bákan náà, oṣù tòun náà kò pé. Èyí gbìyànjú díẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ó lọ. Àwọn kan ní àbíkú ni. Ambrose kò gbà. Ó ní, "Òtútù ló pa ọmọ mi. Mo mọ òtútù, nǹkan tí à ń wọ̀n ni." Mildred ní tirẹ̀ ṣíwọ́ lílọ sí ìsọmọlórúkọ, bí wọ́n bá sì gbé aṣọ ọmọdé wá fún un láti rán, á ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ọdún 1965 ni oyún tún dé. Nọ́ọ̀sì Hàwáù, ọmọ agbègbè wa láti ilé onímàle, ló ń tọ́jú ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Òkìtìpupa nígbà náà. Nínú oṣù kọkànlá, ó yẹ Mildred wò, ó sì pe ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bọ̀dá Ambrose," ó ní, "n kò ní fi pamọ́ fún yín. Èyí náà kò ní dúró pé oṣù. Ẹ̀mí wà nínú àwọn ọmọ yín, ooru ni wọn kì í rí. Wọ́n ní àpótí tó ń móoru ní ọsibítù ńlá Ìbàdàn. Ẹ gbé aya yín lọ síbẹ̀ kí ọdún tó yí."

Mọ́nsúrù Àdìó, awakọ̀ lọ́rí, ọ̀rẹ́ Ambrose tímọ́tímọ́, gbà láti gbé wọn lọ lẹ́yìn Kérésì. Ẹ̀yin náà ò ní í gbàgbé bí Kérésì yẹn ṣe rí. Wàhálà òṣèlú ti gbòde. Wọ́n ń jó ilé, wọ́n ń jó ọkọ̀, àwọn jàǹdùkú sì dínà láti Ọ̀rẹ̀ lọ sókè. Mọ́nsúrù kọ́kọ́ dá ọ̀nà náà gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó padà dé pẹ̀lú gíláàsì iwájú tó ti fọ́ túútúú. "Ambrose, bí mo bá gbé aboyún gba ibẹ̀, ikú ni mo gbé e lọ fún," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fara ti ọkọ̀. Ambrose jókòó sórí àpótí kan níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó dìde, ó ní kí Mọ́nsúrù tú bátìrì lọ́rí náà fún òun, nítorí òun ni yóò kan àpótí tó ń móoru náà fúnra òun.

Kíkan àpótí kò le. Ó fi pákó kàn án, ó fi gíláàsì ṣe ìdérí rẹ̀ kí a lè máa rí ọmọ, ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Ó tẹ́ pákó oníhò sí àárín, kí wáyà wà nísàlẹ̀, kí ọmọ sùn sókè. Wáyà ló le. Ó tú u jáde nínú áyọ́ọ̀nù tó ti bàjẹ́, irú wáyà tín-ín-rín tí iná mànàmáná ń mú gbóná. Bí ooru rẹ̀ bá kéré, ọmọ yóò kú bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò se ọmọ náà mọ́lẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè fi ọmọ dán an wò kó tó mọ̀.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé wáyà gígùn ló ń gbóná jù. Rárá. Lórí bátìrì kan náà, bí wáyà bá ṣe gùn tó ni iná ṣe ń fi ìnira gba inú rẹ̀ tó. Nígbà tí Ambrose so gbogbo wáyà áyọ́ọ̀nù náà mọ́ bátìrì, kò tilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó mú díẹ̀ tí kò gùn ju ọwọ́ lọ, ó pọ́n bí ẹyin iná, ó sì já. Àárín méjèèjì yìí ni ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ wà. Ìṣírò rẹ̀ sì ní ẹ̀tàn nínú, nítorí bí èèyàn bá lo ìdajì wáyà, ooru tí ń jáde níbi kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti jó áyọ́ọ̀nù oníáyọ́ọ̀nù nítorí pé wọn kò gba èyí gbọ́. Ó máa ń sọ fún wọn pé wáyà dà bí ìkòkò tó ń jò. Bátìrì ń bu omi sí i lókè, afẹ́fẹ́ tó yí i ká ń jẹ́ kó máa jò nísàlẹ̀. Níbi tí èyí tó ń wọlé bá ti bá èyí tó ń jáde dọ́gba, ibẹ̀ ni omi yóò dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wáyà yóò ṣe gbóná tó gbọ́dọ̀ wo bíbù náà, kó sì wo jíjò náà.

Nọ́ọ̀sì Hàwáù yá a ní tẹmomítà ilé ìgbẹ̀bí, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n aláìsàn. Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ambrose tẹ́ ẹ sínú àpótí, ó sún un mọ́ wáyà jù, ó sì bẹ́. Hàwáù wo omi fàdákà inú rẹ̀ tó ń yí kiri lórí pákó. Ó ní, "Kí la ó wá fi wò ó báyìí?" Ambrose gbé àpótí náà síta, ó fọ̀ ọ́ títí gbogbo rẹ̀ fi kúrò, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà. Àwa tí a bá a gbélé mọ̀ pé Ambrose kì í fi oúnjẹ ṣeré, nítorí náà a mọ̀ pé ẹ̀rù ti dé ibi egungun.

Epo pupa ló yọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí epo tó dì nínú ìgò ní ìdáná Mildred nítorí ọyẹ́, ó sì dúró tì í títí Mildred fi bi í bóyá epo náà ti bàjẹ́ ni. Ọmọ elépo ni. Ó ti mọ̀ láti kékeré pé bí èèyàn bá gbé epo dídì sí abíyá, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ́ tán, èyí tó fi hàn pé ooru ara èèyàn tó láti yọ́ ọ. Ó bu epo dídì sínú àwo pẹrẹsẹ kan, ó gbé e síbi tí ọmọ yóò sùn sí. Òfin tó ṣe fún ara rẹ̀ ni pé etí epo náà gbọ́dọ̀ yọ́, àárín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní dídì. Bí gbogbo rẹ̀ bá dì, òtútù ti wọlé. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, ooru ti kọjá ààlà. Ní ti wáyà fúnra rẹ̀, ìwé ìròyìn ló ń fi kàn án. Bí bébà náà bá ti fẹ́ yí àwọ̀ padà, wáyà náà ti gbóná jù fún inú àpótí onípákó. Ó ń fi wáyà kún wáyà, ó ń dúró kí epo dáhùn, ó tún ń dín in kù, ó tún ń dúró. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí epo náà fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 1966, Mildred bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí Hàwáù. Obìnrin ni. Kò tóbi tó adìyẹ, awọ ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé a ń rí iṣan abẹ́ rẹ̀. Kò ké. Hàwáù nù ún, ó gbé e sínú àpótí, ó ń fi ṣíbí kán wàrà ọmú ìyá rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ara rẹ̀ kò tutù lọ́jọ́ náà, kò sì tutù lọ́jọ́ kejì. Mildred kò gbé ojú kúrò lára ọmọ, Ambrose kò gbé ojú kúrò lára epo. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ àwọn méjì tó ti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú yàrá náà pẹ̀lú wa.

Àṣà kan wà nínú ẹbí Adéjọbí, ẹ̀yin ọmọ ilé mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí a bá bí, ìyá bàbá rẹ̀ ni yóò fi ìró ìdí rẹ̀ bò ó kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Ìgbà tí ìró náà bá bò ó ni a tó kà á mọ́ ará ilé. Kí ó tó di ìgbà náà, àlejò ni, àlejò sì lè lọ nígbà tó bá wù ú. Àwọn ọmọ méjì ìṣáájú ti kú kí Ìye Aníwúrà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ Ìye lọ́kàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti ẹ̀kẹta yìí, nígbà tí ìròyìn kàn wọ́n, wọn kò dúró de ọkọ̀ tí kò sí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn láti Àjàgbà dé Òkìtìpupa.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Ambrose ti lọ gbé bátìrì kejì sórí ṣáàjì, Hàwáù wà lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn tó ń rọbí, oorun sì ti gbé Mildred lọ lórí ìjókòó. Ìye rí ọmọ ọmọ wọn lábẹ́ gíláàsì nínú ọyẹ́, ìtẹ́dìí nìkan ló wà lára rẹ̀. Ìye ní wọ́n tẹ́ ọma, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ọmọ, síta bí ẹja. Wọ́n tú ìró kíjìpá wọn, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n bo gbogbo àpótí náà, gíláàsì àti ihò, wọ́n tún ká búláńkẹ́ẹ̀tì lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń ki oríkì rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ ti kú, ìjókòó yẹn ni àkọ́kọ́ tí ọkàn wọn balẹ̀.

Ambrose rí aṣọ náà láti ẹnu ọ̀nà. Kò kí ìyá rẹ̀. Ó sáré gbé etí aṣọ sókè, ó sì rí i pé gbogbo epo inú àwo ti yọ́, ó ń mì bí omi. Ojú ọmọ ti pọ́n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí kúkúrú-kúkúrú bí ẹni tó sáré. Ambrose já wáyà kúrò lórí bátìrì, ó sì fẹ́ fa aṣọ náà sílẹ̀. Ìye di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ambrose, ọma mi, má ká a kúrò. Àwọn tó lọ, aṣọ mi kò kàn wọ́n. Bí o bá ká a kúrò lára èyí, o lé e jáde nílé nìyẹn."

Ìyá Ambrose ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọmọ rẹ̀ ló sì ń kú lọ lábẹ́ ọwọ́ náà. Ó ní, "Ìye, ẹ dákun, ẹ fọwọ́ kan àpótí yìí." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gíláàsì náà lábẹ́ aṣọ, wọ́n sì fà á padà wéré. Wọn kò nílò àlàyé epo tàbí ti wáyà. Wọ́n fúnra wọn ni wọ́n ká ìró náà kúrò, wọ́n sì jókòó sílẹ̀. "Ṣé èmi náà ni mo fẹ́ pa á?" Ohun tí wọ́n ń tún sọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ráyè rẹ̀ wọ́n.

Ariwo yẹn ló jí Mildred, ó sì mú àwa tí a wà ní yàrá kejì wọlé. A sáré pe Hàwáù. Ó ṣí àpótí, ó gbé ọmọ jáde, ó fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún, kò jẹ́ kí a fẹ́ ẹ, nítorí ó ní bí òtútù bá tún kọlù ú lójijì, ó parí. Ó tẹ́ ẹ sí àyà Mildred láìsí aṣọ láàárín wọn. Ó kán wàrà sí i lẹ́nu, wàrà náà ṣàn jáde. Ó tún kán an, ó tún ṣàn jáde. Ambrose kọjú sí ògiri. Nígbà tó pẹ́, a gbọ́ tí Hàwáù mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti gbé e mì."

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ aṣọ wá délẹ̀. Hàwáù ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ àpótí náà mọ́. Ìye kò jà. Wọ́n ti ń wé ìró náà mọ́ ara wọn láti lọ jókòó síta. Mildred, tí kì í sọ̀rọ̀, ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ fi aṣọ Ìye sílẹ̀. N kò fẹ́ kó jẹ́ àlejò mọ́." Hàwáù fẹ́ bínú. Ambrose wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àpótí, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀."

Inú afẹ́fẹ́ gbangba ló ti ṣírò wáyà náà. Aṣọ ti dí ibi tí ìkòkò ti ń jò, bátìrì sì ń bu omi sí i bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí jíjò bá dín, kí bíbù náà dín. Ó fi wáyà kún wáyà kí ooru rẹ̀ lè dín, ó fi igi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe férémù, ó ta ìró náà sórí rẹ̀ kó má bo ihò afẹ́fẹ́, ó yọ búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá, ó sì gbé àwo epo padà sínú àpótí. A jókòó ti epo náà. Ìye ló kọ́kọ́ rí i tí etí rẹ̀ yọ́. A dúró títí, àárín rẹ̀ kò yọ́. Hàwáù fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ padà sábẹ́ aṣọ.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Bẹntiróòlù ti tán nígboro nítorí ọ̀nà tó dí, jẹnẹrétọ̀ Ambrose sì dákẹ́. Bátìrì méjì péré ló kù, kò sí ohun tí a lè fi ṣáàjì wọn. Bó bá jẹ́ pé lábẹ́ gíláàsì lásán ni ọmọ náà wà, bátìrì méjèèjì ìbá ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí aṣọ, wáyà náà ń mu díẹ̀, wọ́n sì ń fà á lọ. Àwọn ológun gba ìjọba láàárín oṣù náà, wọ́n ní àlàáfíà ti dé, síbẹ̀ bẹntiróòlù kò tíì dé. Bátìrì àkọ́kọ́ kú. Èkejì ń kú lọ, epo inú àwo ti ń dì láti àárín wá sí etí, Mildred sì ti ń tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ láti gbé ọmọ mọ́ àyà, nígbà tí Mọ́nsúrù já wọlé láti Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú jálá bẹntiróòlù kan lọ́wọ́. Ambrose gbà á, ẹkún ló ń sun.

Ìparí oṣù kejì ni Hàwáù gbé ọmọ náà jáde kúrò nínú àpótí pátápátá, ó sì gbé e lé Ìye lọ́wọ́. Ìye sọ ọ́ ní Olúfúnmiláyọ̀. Nígbà tó kan bàbá rẹ̀, ó ní Dúrósinmí lòun ń pe tòun. Kò sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀.

Ní 1968, Ambrose kan irú àpótí náà fún ilé ìgbẹ̀bí kan ní Òde-Ìrèlè, Mildred sì rán aṣọ tí a ó fi bò ó. Nígbà tí ẹnìkan níbẹ̀ pààrọ̀ aṣọ náà sí èyí tó lẹ́wà jù, Ambrose lọ pààrọ̀ rẹ̀ padà, ó sì bá wọn jà dé òpin ọjọ́. Ó ní aṣọ wà nínú ìṣírò. Nínú ìjọ, òun ló ń bójú tó iná àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, ó sì máa ń pa á bí ìwàásù bá ti gùn jù, á ní ó fẹ́ gbóná. Ní 1971, ó wà lára àwọn tó lọ bẹ ìjọba kí iná mànàmáná tàn dé àwọn abúlé wa, kò sì yéé rán wọn létí.

Nínú oṣù kẹfà ọdún yìí ni ibà àti àyà dídùn dá a dùbúlẹ̀. Hàwáù tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Ambrose ń bi í bí ara òun ṣe gbóná tó, Hàwáù á ní kò pọ̀, á ní kó má parọ́ fún òun. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1973 ló fi wá sílẹ̀, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Ó dùn wá. Ikú àìtọ́jọ́ ni, a kò ní fi ẹnu dídùn bò ó.

Ó fi ìyá sáyé lọ, Ìye Aníwúrà. Ó fi aya sílẹ̀, Mildred Àrìnkẹ́. Ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Dúrósinmí, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, Adésànyà, àti Bọ́lánlé tí kò tíì pẹ́ tó já lẹ́nu ọmú. Kò tíì ní ọmọ-ọmọ. Ó fi ẹ̀gbọ́n, àbúrò, Mọ́nsúrù ọ̀rẹ́ rẹ̀, Hàwáù, àti gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá kì í dé ibojì ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ wa, nítorí náà inú yàrá ni Ìye yóò wà nígbà tí a bá ń lọ. Dúrósinmí ni àgbà nínú àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ bu erùpẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fún un lórúkọ yẹn, irun funfun ló ní lọ́kàn, kì í ṣe ọdún méje. Lánàá, ọmọ náà bi wá léèrè bóyá òtútù ń mú níbi tí bàbá òun ń lọ. A pọ̀ níbẹ̀, àgbà ni gbogbo wa. Ìye ló nawọ́ láti orí ẹní, wọ́n fà á mọ́ra. Wọ́n ní, "Ọma mi, ìwọ ṣáà dúró."

Ambrose, ọmọ Lucas, ọmọ Aníwúrà, ọmọ rẹ dúró. Kí ilẹ̀ Àjàgbà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Sùn re o.